Ìlà Tó Dùbúlẹ̀, Ìlà Tó Nàró

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n wá bá àwọn aboyún sọ̀rọ̀ ní Sátidé kan, nítorí pé olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹnu mi sì gbọ̀rọ̀. Mo ní ara mi ò yá. Irọ́ ni. Ara mi yá, ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ni kò ṣe é sọ lójú aboyún. Mo wá ń kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó ní sùúrù kó kà á tán kó tó bú mi. Èmi náà ti bú ara mi títí, mi ò sì tíì ṣíwọ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi. Ọkọ mi ló mú mi wá sí Minna, ó kú, èmi dúró. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọdé níbí ní ìwé, mo sì le. Ọmọ tí kò bá mọ ohun tí mo kọ́ ọ lánàá kì í fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ lónìí. Ilé mi wà ní Kpakungu, láàárín àwọn télọ̀ àti àwọn oníwàrà, níbi tí èèyàn kò ti lè sín kí aládùúgbò má kí i. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àwọn ọkùnrin méjì ti lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó wá ku àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, tí èmi àtiẹ̀ jọ wà ní ìlú kan náà. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Nígbà tó lóyún àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ti gbé wọn lọ sí ìlú kan lójú ọ̀nà Kontagora. Oyún náà kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tí omi rẹ̀ fi dà, ọmọ sì dábùú nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pè mí láàárọ̀. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti fi abẹ gbé ọmọbìnrin kan jáde, ó kéré débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e. Ọmọ náà yè. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ẹ́ lọ. Ojú abẹ náà kẹ̀, ó ń ṣọyún, ibà ò sì jẹ́ kó mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi wà nílé ìwòsàn yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti jáde lọ wá mọ́tò. Ọmọ mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó di ògiri mú, kò lè gbé orí dúró. Nọ́ọ̀sì fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Mama, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ bá wa ṣàlàyé fún un dáadáa nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Ẹ má sọ ìwé yìí nù o.” Mo ní kò séwu. Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọ gíláàsì mi, mo kà á.

Dókítà kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun la ilé ọmọ ní òòró, láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí pé oyún kò tíì dàgbà débi tí òun ì bá fi là á ní ìbú. Ó wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ èyí tó kù, ó sì fa ìlà sí i nídìí: obìnrin yìí kò gbọ́dọ̀ rọbí mọ́. Bó bá tún lóyún, kí wọ́n fi abẹ gbé ọmọ náà kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé ọmọ lè ya, kí tìyá tọmọ kú. Ó kọ ikú síbẹ̀, lábẹ́ orúkọ ọmọ mi.

Mo mọ ìwé náà kà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìmọ̀wé ló ṣe mí. Ṣùgbọ́n èmi kò rí ìtọ́ni nínú rẹ̀. Èpè ni mo rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí ibà bá ń gbọ́n èèyàn jìnnìjìnnì, tí ẹ bá bi í pé báwo lara, á ní ara òun le, torí ohun tí a bá fi ẹnu wa sọ ni a gbà pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà á sọ tiẹ̀, àwa á ní a ò gbà á. Ìyá mi náà ńkọ́, kì í tọ́jú aṣọ tí èèyàn fi ṣàìsàn. Bí ara ẹni náà bá ti lè yá, iná ló ń sọ ọ́ sí. Ó ní bí ẹrù àìsàn bá wà nílé, àìsàn á padà wá gbà á. Ọ̀rọ̀ ìyá mi àti ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wá pàdé nínú orí mi, wọ́n sì bára mu.

Mo kó ìyá àtọmọ wá sílé mi ní Kpakungu kí n lè máa tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ kejì, mo kó ìró tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára, mo kó báńdéèjì, mo kó kààdì ilé ìwòsàn àti ìwé náà, mo dà wọ́n sínú garawa onípáànù kan tó ti jẹ, lẹ́yìnkùlé. Mo bu kẹrosíìnì sí i, mo ṣáná sí i. Mo gbàdúrà lé e lórí dáadáa. Mo ní orí ọmọ mi kọ̀ ọ́, inú rẹ̀ kọ̀ ọ́. Aládùúgbò mi, ìyá kan tó jẹ́ ará Ìlọrin, bi mí pé kí ni mò ń sun láàárọ̀ kùtù, mo ní ìdọ̀tí ni. Nígbà tó jó tán, mo wọlé lọ gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná.

Ọmọ mi bi mí léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ń dá wa sílẹ̀. Mo ní wọ́n ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́.

Oṣù méjì gbáko ni kò fi lè gbé ọmọ rẹ̀. Bó bá ti nawọ́, ojú abẹ á fà á, á sì dá a padà fún mi. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n, èmi ni mò ń gbé e sún mọ́ ọmú rẹ̀, tí mo tún ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ wá le, ọmọ ti mọ̀ mí jù ú lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pe ìyá rẹ̀ ní Àǹtí, ọmọ náà gbà á lẹ́nu wọn, òun náà ń pe ìyá rẹ̀ ní Àǹtí. Èmi ló ń pè ní Mọ́mì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín.

Òun àti ọkọ rẹ̀ padà wá sí Minna nígbà tó yá, wọ́n gba ilé ní Tunga Low Cost. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, á wálé lọ́jọ́ Jímọ̀, á padà ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í báni jiyàn. Wọ́n gbìyànjú títí láti mú ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bó bá sùn ní Tunga lónìí, á ké títí wọn á fi gbé e wá fún mi lọ́la. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ìyá rẹ̀ tún lóyún.

Oyún yìí dàgbà dáadáa, ọmọ sì dorí kodò bó ṣe yẹ. Ohun tí ọmọ mi ń sọ ṣáá kò ju ọ̀kan lọ. “Mọ́mì, èyí, mo fẹ́ bí i fúnra mi. Mo fẹ́ gbé e lọ́jọ́ tí mo bá bí i. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni ìyá òun.” Kò sọ ọ́ láti fi gún mi lára. Ó gún mi lára, mo sì ní àmín.

Nígbà tí oyún wọ oṣù kẹjọ, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kó mú ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ wá. Obìnrin ni dókítà náà, ọmọ Nupe, kò lè ju ọmọ mi lọ púpọ̀. Ó ń da Hausa pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kí mi, ó ní kí n jókòó. Ó fa bébà kan yọ, ó ya nǹkan kan tó dà bí píà síbẹ̀, ó ní ilé ọmọ nìyẹn. Ó fa ìlà kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìlà tó dùbúlẹ̀. Ó fa òmíràn sí àárín, èyí nàró.

Ó ní, “Bó bá jẹ́ èyí tó dùbúlẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un, a lè jẹ́ kó gbìyànjú. A ó máa ṣọ́ ọ, yàrá iṣẹ́ abẹ á sì wà ní sẹpẹ́. Bó bá jẹ́ èyí tó nàró, kò sí pé à ń gbìyànjú. Ìrọbí ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá.”

Ọmọ mi ní àpá tòun dùbúlẹ̀, ó fẹ́ ṣí aṣọ kó fi hàn án.

Dókítà ní, “Mo ti rí i. Àpá ara kì í sọ ti inú. Wọ́n lè la awọ ní ìbú kí wọ́n la ilé ọmọ ní òòró. Ìwé tí wọ́n fún yín ló máa sọ ọ́.” Ó yíjú sí mi. “Mama, ina takardar?” Ìwé náà ló ń bèèrè lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi dáhùn kí n tó dáhùn. Ó ní, “Mọ́mì ló kó gbogbo ẹrù wa. Mọ́mì kì í sọ nǹkan nù.”

Mo ní màá wá a.

Ó tẹ̀ lé mi dé Kpakungu lọ́jọ́ yẹn kí a jọ wá a. Mo ní kó jókòó, kò gbọ́. Ó kúnlẹ̀ ti oyún ti oyún níwájú àpótí mi, ó ń kó aṣọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Mo jókòó tì í, mo ń bá a ká èyí tó bá ti gbọ̀n tán. Ó wo inú Bíbélì bàbá rẹ̀ lójú ewé lójú ewé. Ó wo abẹ́ tìmùtìmù. Òógùn bò ó. Mo ní bóyá ó bọ́ sọ nù nígbà tí à ń kẹ́rù. Ó ní kò burú, pé ó yẹ kí òun ti béèrè rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Títí dòní, bí mo bá rántí bó ṣe ń gbọn àwọn aṣọ yẹn wò, n kì í lè jókòó sójú kan.

Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó ní òun á lọ sí ilé ìwòsàn náà ní Sátidé, òun á bá wọn wá fáìlì rẹ̀. Mo kọ̀. Mo ní àwọn ajínigbé ń kó èèyàn lójú ọ̀nà yẹn, ṣé ó fẹ́ kí ọmọ mi bímọ síbi tí kò sí ọkọ ni. Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe irọ́, gbogbo ìlú ló ń bẹ̀rù ọ̀nà náà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀mí rẹ̀ nìkan ni mò ń dá sí. Ó wá pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní kó wá fúnra rẹ̀, kó sì mú kààdì ìyàwó rẹ̀ dání. Ó ní, “Kò burú, mà,” ó sì fi í sílẹ̀ nítorí pé èmi ni mo sọ̀rọ̀.

A padà lọ bá dókítà lọ́wọ́ òfo. Ó ní bí kò bá ti sí ìwé, iṣẹ́ abẹ ni òun á gbà wá nímọ̀ràn, nítorí oyún tí kò pé oṣù mẹ́jọ tí ọmọ sì dábùú, ìlà tó nàró ni wọ́n sábà máa ń là nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Dókítà ní, “Mi ò ní fi tipátipá là ọ́. Bí Mama bá lè rántí ohun tí wọ́n sọ, ó máa ràn wá lọ́wọ́. Ẹ lọ rò ó, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ mi ò sùn. Lónìí á ní òun á lọ fún iṣẹ́ abẹ, lọ́la á ní rárá. Á pe ọkọ rẹ̀ ní Àbújá, ọkọ rẹ̀ á ní èyí tó bá fẹ́ ni kó ṣe. Ó wá bá mi ní ọ̀sán Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó fa àpótí ìjókòó, ó ń bá mi ṣà á.

Ó ní, “Mọ́mì, ẹ rántí dáadáa. Kí ni wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn? Bí wọ́n bá ní kí n má rọbí, ẹ sọ fún mi. Mi ò ní bínú. Màá lọ kí wọ́n là mí, ó tán.”

Gbogbo ọ̀nà ló là sílẹ̀ fún mi. Ó tiẹ̀ bá mi gbá a mọ́. Bí mo bá sọ òtítọ́, mo ti fi ẹnu ara mi pe èpè náà padà wá sílé, mo sì ti jẹ́wọ́ pé iná ni mo sọ ìwé náà sí, pé mo jókòó, mo ń wò ó bó ṣe ń gbọn aṣọ wò lásán. Mi ò mọ èwo ni mo bẹ̀rù jù nínú méjèèjì. Ó wù mí kí n sọ pé ti èpè ni. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀wà tó wà lórí àtẹ.

Mo ní, “Dókítà yẹn ní èyí tó dùbúlẹ̀ ni. Ó ní ìgbà mìíràn á rọrùn fún ọ.”

Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ látàárọ̀. Mo ní ọjọ́ ogbó ni, nǹkan ń fò mí níyè. Ó gbá mi mọ́ra pẹ̀lú ikùn ńlá yẹn, ọmọ inú rẹ̀ sì ta mí nípàá. Lẹ́yìn náà a ṣa ẹ̀wà náà tán, mo gbé e kaná.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní, “Olùkọ́ ni mí. Mo mọ ohun tí wọ́n bá sọ fún mi.” Ó kọ ọ́ sínú fáìlì, mo sì ń wò ó bó ṣe ń kọ ọ́. Ó ní kí ọmọ mi má dúró nílé rárá bó bá ti lè rí àmì ìrọbí. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ń dùn mí jù báyìí ni pé ọkàn mi balẹ̀. Mo sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn ju bí mo ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìrọbí mú un ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan. Mo gbé àkọ́bí rẹ̀ fún ìyá ará Ìlọrin, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Tunga, mo sì gbé òun lọ sílé ìwòsàn. Inú rẹ̀ ń dùn. Bí ìrora bá dé, á di ọwọ́ mi mú, á mí, bó bá sì lọ tán á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Mọ́mì, ojú yín ti fún pọ̀. Ṣé èmi ni mò ń rọbí ni àbí ẹ̀yin?” Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ rọra ń yẹ àwọn kòtò. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó ní, “Allah ya raba lafiya,” kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ láyọ̀. Ọmọ mi fi Hausa dá a lóhùn pé àmín.

Wọ́n jẹ́ kí n jókòó sí bẹ́ńṣì ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí. Agbẹ̀bí á jáde, á ní ó ń lọ dáadáa, ó ń ṣí. Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ mi láti inú. Ó ń ké, ṣùgbọ́n igbe tí obìnrin máa ń ké náà ni. Mò ń dúpẹ́. Mo tiẹ̀ ń gbèrò bí màá ṣe jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ.

Nígbà tó fi máa tó ọ̀sán, ó pè mí. Wọ́n jẹ́ kí n yọjú. Ó ní ibi àpá òun ń ro òun, pé ìrora yìí yàtọ̀, kì í lọ kó tó bọ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ó ti dáwọ́ dúró. Kò ro mí mọ́.” Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní Ọlọ́run ṣeun.

Agbẹ̀bí náà kò dúpẹ́ ní tirẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn ọmọ mi, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé e, ó gbé e kiri, ó tún gbé e kiri. Ó jáde, ó ń pe dókítà. Ètè ọmọ mi ti ń funfun. Dókítà sáré wọlé, ó sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe fẹ́ kọjá. “Mama, ohun tí ẹ sọ fún mi yẹn, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?”

Mo ní, “Rárá. Èyí tó nàró ni. Ìwé náà ní kò gbọ́dọ̀ rọbí. Mo sun ún.”

Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sáré lọ. Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì náà kọjá lára mi. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ, torí ọkọ rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà láti Àbújá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, òun gan-an ló sì wọ́ ọ.

Ọmọkùnrin ni. Ó tóbi, irun kún orí rẹ̀, ó jọ bàbá mi. Kò mí rárá. Ilé ọmọ ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú abẹ àkọ́kọ́, kò sì ṣe é rán, wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí ọkọ ọmọ mi dé, dókítà ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba ìwé tí mo sun. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní òun dúpẹ́ tí mo tètè gbé e wá. Òun àti àwọn ọkùnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ sin ọmọ náà. Wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí i.

Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní, “Mama, èmi kò ní sọ ohun tí ẹ sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà yẹn fún ọmọ yín báyìí. Ara rẹ̀ kò tíì le. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́.” Ó tún ní, “Ṣùgbọ́n bí ó bá bi mí, mi ò ní parọ́ fún un.” Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá pariwo.

Mo dúró ti ọmọ mi fún ọjọ́ márùn-ún. Mò ń nu ara rẹ̀, mò ń gbé póò lọ gbé póò bọ̀, mò ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ nígbà tí omi ọmú bá tutù mọ́ ọn láyà, torí ọmú kò mọ̀ pé kò sí ọmọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń ní ọ̀la ni màá sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó jókòó, mò ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kó pa yín lára báyìí. Ẹ ò jẹun. Ẹ̀yin lẹ gbé mi dé ibí. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, ǹ bá ti kú.”

N kò lè jẹ́ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ohun tó wà nínú ìwé, garawa ẹ̀yìnkùlé, àdúrà tí mo gbà lé e lórí. Mo ní mo rò pé èpè ni. Mo ní mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ èpè náà ni. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí léèrè, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí òun gan-an jẹ́ olùkọ́.

“Ẹ kà á kí ẹ tó sun ún?”

“Mo kà á.”

“Ẹ kà á tán?”

“Mo kà á tán.”

“Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mo wá bá yín, tí à ń ṣa ẹ̀wà, ẹ rántí ohun tó wà níbẹ̀?”

“Mo rántí.”

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Kò yọ ọ́ tipátipá, ó kàn gbé e padà sórí ikùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ọmọ Hausa, ó ń so omi rọ̀ fún ẹlòmíràn. Ọmọ mi pè é. Ògiri ló kọjú sí, kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Ó ní, “Don Allah, ki ce wa matar nan ta fita. Ina so in yi barci.” Ó ní kó bá òun sọ fún obìnrin yìí kó jáde, òun fẹ́ sùn.

Nọ́ọ̀sì náà wo ojú mi, kò mọ bó ṣe máa gbé e kalẹ̀ fún mi. Mo ní kó má ṣèyọnu, mo gbọ́ Hausa.